Ìlà tó wà láàárín ìwé rẹ: lórí ọ̀rọ̀ àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì àti ti Románíà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọdún kẹta mi rèé ní Cluj-Napoca tí mò ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní kíláàsì, àmọ́ tí a bá ti dé wọ́ọ̀dù, èdè Románíà ni àwọn aláìsàn ń sọ. Mo ra ìwé kan, mo fa ìlà sí i láàárín, mo kọ àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì sápá òsì, mo wá èyí tó bá wọn mu ní Románíà sápá ọ̀tún: "good", bun, "big", mare, "old", vechi, "cold", rece, ó pọ̀ lọ jàra. Mo ti há gbogbo rẹ̀ sórí. Síbẹ̀, mo bi ìyá àgbà kan bóyá òtútù ń mú wọn, mo ní "Sunteți rece?", ni àwọn nọ́ọ̀sì bá bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn mo tún pe bàbá arúgbó kan ní vechi, dókítà wa kàn wò mí tìyanu-tìyanu. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ń ṣì í?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìyànjú. Orí rẹ pé, ọpọlọ rẹ sì jí. Ìlà tí o fà sáàárín ìwé yẹn ló ń tàn ọ́ jẹ. Ohun tí ìlà náà ń sọ fún ọ ni pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ọ̀rọ̀ Románíà kan, kí o máa fi ọ̀kan pààrọ̀ ìkejì. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì kì í yí padà fún ẹnikẹ́ni. "Good man", "good woman", "good children": bí "good" ṣe rí ní àkọ́kọ́ náà ló rí dé ìparí. Ti Románíà kì í dá dúró bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá bá rìn ló ń pinnu bí yóò ṣe rí. Nígbà mìíràn pàápàá, ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti lo ọ̀rọ̀ àpèjúwe, Románíà kì í lò ó níbẹ̀ rárá. Inú èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀rọ̀ ìyá àgbà rẹ bọ́ sí.

Rece wà fún ohun tí ọwọ́ bá kàn tó tutù: apă rece, omi tútù, mâini reci, ọwọ́ tó tutù. Tí wọ́n bá lò ó fún odindi ènìyàn, ìwà ẹni náà ni wọ́n ń sọ, ẹni tí kì í yá mọ́ èèyàn, tí ọ̀rọ̀ ọmọlàkejì kì í ká lára. Ohun tí o bi ìyá náà ni pé ṣé ọ̀dájú ni wọ́n. Má bínú sí àwọn nọ́ọ̀sì.

Bí òtútù bá ń mú ènìyàn ní Románíà, "Mi-e frig" ló máa sọ. Frig ni òtútù fúnra rẹ̀. Mi dà bí "fún mi" tàbí "sí mi", e sì dúró fún "wà". Kò sí ọ̀rọ̀ àpèjúwe kankan nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé èmi gan-an ni mo tutù. Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ Yorùbá, o kì í sọ bẹ́ẹ̀ nílé yín. Òtútù ló ń mú ọ, ìwọ kọ́ lo di òtútù. Kí ló wá dé tí o fi ń yípo gba ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ síbi tí Yorùbá ti gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà? Wo bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra: ooru ń mú mi, mi-e cald. Ebi ń pa mí, mi-e foame. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mi-e sete. Oorun ń kùn mí, mi-e somn. Ẹ̀rù ń bà mí, mi-e frică. Ojú ń tì mí, mi-e rușine. Àánú ń ṣe mí, mi-e milă. Èébì ń gbé mi, mi-e greață. Gbogbo ibi tí Yorùbá ti sọ pé nǹkan kan ń ṣe èmi, Románíà sọ pé nǹkan náà wà fún mi. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ti fi "I am" bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀: "hungry", "thirsty", "sleepy", "afraid", "ashamed".

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn: mi-e dor de tine, àárò rẹ ń sọ mí. Àwọn ará Románíà máa ń fọ́nnu pé kò sí èdè mìíràn láyé tó ní dor. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n fọ́nnu tán ná kí n tó sọ fún wọn pé tiwa kì í ṣeni lásán, ó ń sọni.

Tí o bá fẹ́ bi aláìsàn léèrè, "Vă e frig?" ni fún àgbàlagbà, "Ți-e frig?" fún ọmọdé tàbí ọ̀rẹ́ rẹ. Tí o bá ń ròyìn fún dókítà, "Îi e frig", òtútù ń mú un. Frig kò yí padà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ kékeré iwájú yẹn nìkan ló ń yí.

Àmọ́ má rò pé Yorùbá yóò máa bá ọ gbé e lọ títí. Ó ti rẹ̀ mí, òòyì ń kọ́ mi: Yorùbá tún ní nǹkan ń ṣe mí níbí, ṣùgbọ́n Románíà ti padà sí ọ̀rọ̀ àpèjúwe. "Sunt obosită", "sunt amețită" ni ìwọ obìnrin máa sọ; ọkùnrin á ní "sunt obosit", "sunt amețit". Ibi tó léwu jù ni ti rău. "Mi-e rău" ni pé ara mi kò dá, inú ń rú mi. Tí o bá fi sunt síwájú rẹ̀, "sunt rea" (rea ni rău fún abo), o ti sọ pé ènìyàn burúkú ni ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí aláìsàn bá ń yá bọ̀, "Mi-e mai bine" tàbí "Mă simt mai bine" ló máa sọ. "Sunt mai bună" tí o máa rí tí o bá tú "I am better" ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí pé mo dára ju ẹlòmíì lọ. Bine ni fún bí ara àti nǹkan ṣe ń lọ, bun ni fún irú ènìyàn tàbí irú nǹkan tó jẹ́.

Kí n tó kúrò lórí bí a ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ohun kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì kò lè kọ́ ọ láéláé, nítorí "you" kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún ọba àti ọmọ ìkókó. Sunteți tí o lò fún ìyá àgbà dára gan-an, òun ni "ẹ" tiwa: ẹnì kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n a fi ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún un. Ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ni ó ń bọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó tẹ̀ lé e á padà sí bí ẹni náà ṣe jẹ́ gan-an, ẹyọ kan, akọ tàbí abo. "Sunteți obosită, doamnă?" fún ìyá. "Sunteți obosit, domnule?" fún bàbá. Tí o bá sọ pé "Sunteți obosiți?", gbogbo wọ́ọ̀dù ni yóò yíjú sí ọ, nítorí àwọn púpọ̀ ni o ń bi.

Ó yá, ìrísí wọn. Ìwé atúmọ̀ èdè tí gbogbo wọn ń lò ni Dicționarul explicativ al limbii române, DEX ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú. Ọdún 1975 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí ní dexonline. Ṣí i, wá bun. Ohun tó máa wà lókè ni "BUN, -Ă, buni, -e". Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sáré kọjá ìlà yẹn lọ síbi ìtumọ̀, bẹ́ẹ̀ ìlà yẹn gan-an lo wá lọ. Ìrísí mẹ́rin ló kó sílẹ̀: bun fún akọ kan, bună fún abo kan, buni fún akọ púpọ̀, bune fún abo púpọ̀. Un doctor bun, o doctoriță bună, doi doctori buni, două doctorițe bune.

Akọ àti abo yìí kò dúró lórí ènìyàn nìkan. Gbogbo nǹkan ló ní tirẹ̀, títí kan ẹ̀yà ara tí o ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́. Ẹ̀kẹta tún wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní neutru, kò-ṣakọ-kò-ṣabo. Orúkọ yẹn ń dẹ́rù bani ju bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lọ: ó ń ṣe bí akọ nígbà tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ó ń ṣe bí abo tó bá ti di púpọ̀. Kì í ní aṣọ tirẹ̀. Bí o ṣe máa mọ̀ ọ́n ni kí o ka nǹkan náà láti ọ̀kan dé èjì. Un ochi, doi ochi: akọ ni ojú. O mână, două mâini: abo ni ọwọ́. Un picior, două picioare: ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú un bí akọ, ó bọ́ sí două bí abo, kò-ṣakọ-kò-ṣabo ni ẹsẹ̀.

Fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe lé wọn lórí wàyí. Aláìsàn tí ojú rẹ̀ kan pọ́n, ochi roșu; tí méjèèjì bá pọ́n, ochi roșii. Ọwọ́ kan tó wú, mână umflată. Ọwọ́ méjèèjì, mâini umflate. Ẹsẹ̀ kan tó wú, picior umflat. Ẹsẹ̀ méjèèjì, picioare umflate. Ó yẹ kí o ti rí i: ẹsẹ̀ kan jọ akọ, ẹsẹ̀ méjì mú umflate tí ọwọ́ méjì mú. Eyín, ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín àti iṣan, akọ ni gbogbo wọn: dinte, plămân, rinichi, mușchi. Ọkàn, ahọ́n, ikùn àti etí, abo ni wọ́n: inimă, limbă, burtă, ureche. Orí, ọrùn, ìka àti egungun bá ẹsẹ̀ lọ: cap, gât, deget, os. Egungun kan tó dá, os rupt. Tó bá jẹ́ púpọ̀, oase rupte. Fi ara ènìyàn kọ́ ọ, kò ní pẹ́ wọ̀ ọ́ lára. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn àjèjì máa ń fi àga àti tábìlì bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń tọ́jú àga?

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ní ìrísí mẹ́rin. Roșu ní mẹ́ta: roșu, roșie, roșii. Mic náà ní mẹ́ta: mic, mică, mici. Mare ní méjì péré, mare fún ẹyọ kan àti mari fún púpọ̀, akọ ni o, abo ni o. Verde bẹ́ẹ̀, verde àti verzi. Àwọn kan kò sì yí rárá, pàápàá àwọn àwọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ Faransé: gri, bej, maro. Tí o bá rí roșii lọ́jà láìsí ọ̀rọ̀-orúkọ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tòmátò ni wọ́n ń tà.

Ohun tó máa ń da àwọn ọmọ wa láàmú jù níbí ni pé inú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ń yí. Frumos di frumoasă, negru di neagră, înalt di înalți, trist di triști, tânăr di tineri. DEX máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ. Ní ti pípè, ș wọn ni ṣ wa gẹ́lẹ́, àmì abẹ́ rẹ̀ pàápàá jọra. Ț ni kí o pè bí t àti s tó lẹ̀ mọ́ra. I tó wà lẹ́yìn buni kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dún; ahọ́n kàn gbé e díẹ̀ ni. Ă ni kí o ṣọ́ jù, nítorí a máa ń sọ ọ́ di a. Bună ni "dáradára" fún abo, buna ti ní "náà" lára. Casă ni ilé, casa ni ilé náà. Etí tó mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ́ kò gbọdọ̀ sọ pé èyí le jù fún òun.

Ohun kan kù níbí tí n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀: tí abo kan bá ń jẹ́ "ti" tàbí "fún", ọ̀rọ̀ àpèjúwe rẹ̀ á gba ìrísí púpọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni. Fáìlì aláìsàn obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀dọ́ ni fișa unei paciente tinere. Wàá máa rí i nínú gbogbo ìwé ilé ìwòsàn. Má jẹ́ kó tàn ọ́ pé àwọn méjì ni.

Nítorí náà, pa ìlà yẹn rẹ́. Má kọ ọ̀rọ̀ àpèjúwe ní òun nìkan mọ́. Kọ ọ́ pẹ̀lú ohun tó ń bá rìn: mână rece, ochi roșii, om bătrân, casă veche. Tí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ bàbá tí o pè ní vechi kò ní wáyé mọ́, nítorí wàá ti rí i pé "old" kan ṣoṣo ti Gẹ̀ẹ́sì pín sọ́nà púpọ̀. Bătrân ni fún ènìyàn àti ẹranko tó ti darúgbó. Láti inú veteranus èdè Látìn ló ti wá, orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ ogun tó ti sìn tipẹ́. Vechi wà fún nǹkan tó ti pẹ́: ilé, bàtà, àìsàn tó ti wà lára tipẹ́. Wọ́n lè lò ó fún ènìyàn bó bá jẹ́ pé ìbáṣepọ̀ ló ti pẹ́: prieten vechi ni ọ̀rẹ́ àtijọ́, ó lè jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Pacient vechi ni aláìsàn tí wọ́n ti mọ̀ nílé ìwòsàn yẹn tipẹ́. Tí o bá kàn pe bàbá ní vechi lásán, o ti kà á mọ́ ẹrù ilé. Bătrân pàápàá, má sọ ọ́ sójú àgbà. În vârstă ló bọ̀wọ̀ fún wọn. Ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, wàá gbádùn rẹ̀: sora mea mai mare ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, fratele meu mai mic ni àbúrò mi ọkùnrin. "Tó tóbi jù mí", "tó kéré sí mi" ni wọ́n ń sọ. Vechi àti bătrân kò sí níbẹ̀ rárá.

"Hot" náà pín. Cald ni lílọ́wọ́ọ́wọ́, fierbinte ni gbígbóná tó ń jóni, iute ni ti ata. Ìwọ tí o mọ̀ pé ata kì í gbóná bí kò ṣe pé ó ń ta kò yẹ kó ṣì í. "Short" náà, scund ni fún ènìyàn tó kúrú, scurt fún irun, aṣọ àti ọ̀nà. Ní ìdà kejì, ibi kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní méjì tí Románíà sì fi ọ̀kan ṣe é: greu ni ẹrù tó wúwo, greu náà ni ìdánwò tó le. Ușor ni òdìkejì méjèèjì. Kí o sì mọ̀ pé ìwọ̀n tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "high" lórí wọ́ọ̀dù, mare ni ní ẹnu aláìsàn: febră mare, ibà tó ga, tensiune mare, ẹ̀jẹ̀ ríru. Înalt tó wà nínú ìwé rẹ, igi, ilé àti ènìyàn gíga ni kó o fi sílẹ̀ fún.

Lórí ibi tí ọ̀rọ̀ àpèjúwe ń dúró, Gẹ̀ẹ́sì tún ń fà ọ́ sẹ́yìn. Nílé wa, aṣọ pupa, ilé ńlá. Ní Románíà, haină roșie, casă mare. Ọ̀rọ̀-orúkọ ló ṣáájú. Rìn ká orílẹ̀-èdè náà, wàá máa rí i lára ògiri. Ní Sibiu, ojúde ńlá wà, Piața Mare, kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Piața Mică. Ní Brașov, Biserica Neagră, Ìjọ Dúdú, tó gba orúkọ yẹn lẹ́yìn iná tó jó ìlú náà ní 1689. Kíyè sí i pé "náà" wà lára ọ̀rọ̀-orúkọ, lẹ́yìn piața àti biserica, ọ̀rọ̀ àpèjúwe sì tẹ̀ lé e láìmú un.

Wọ́n lè gbé ọ̀rọ̀ àpèjúwe ṣáájú tí wọ́n bá fẹ́ fún un ní iyì tàbí kí wọ́n fi ìmọ̀lára sí i. Tó bá ti bọ́ síwájú, òun ni yóò gba "náà" yẹn. Ìṣọ̀kan ńlá ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1918, tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ lọ́dọọdún, Marea Unire ni wọ́n ń pè é. Òkun Dúdú sì ni Marea Neagră. Tẹjú mọ́ méjèèjì. Marea kan náà lo rí, ṣùgbọ́n nínú ti àkọ́kọ́, "ńlá" ni, ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó gba iwájú; nínú ti ìkejì, òkun ni, ọ̀rọ̀-orúkọ gidi. Ìwé olójú méjì tìrẹ kò lè fi èyí hàn ọ́ láé.

Ipò yìí máa ń yí ìtumọ̀ padà nígbà mìíràn. Un om mare ni àgbàlagbà tàbí ènìyàn títóbi, un mare om ni ẹni ńlá láwùjọ. O întrebare simplă ni ìbéèrè tó rọrùn, o simplă întrebare ni ìbéèrè lásán. Èyí tó kàn ọ́ jù: pacienta singură ni aláìsàn obìnrin tó dá wà, tí kò ní ẹnìkan lọ́dọ̀, singura pacientă sì ni aláìsàn obìnrin kan ṣoṣo tó wà. Tí o bá gbé ọ̀kan sípò ìkejì nínú ìròyìn rẹ, wọ́n lè lọ wá ẹbí tí kò sọnù.

Ìkíni ní tirẹ̀ kò tẹ̀ lé òfin kankan, há a sórí bó ṣe wà: bună ziua, bună seara, ṣùgbọ́n noapte bună, poftă bună, drum bun. Bákan náà ni cel, tí wọ́n fi ń so oríkì mọ́ orúkọ: Ștefan cel Mare, tó jọba ní Moldova láti 1457 sí 1504, tí ìlú púpọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà; àti Mircea cel Bătrân, ọba àtijọ́ mìíràn. Cel yìí kan náà ni wàá bá nínú "tó ju gbogbo rẹ̀ lọ": bun, mai bun, cel mai bun, fún abo, cea mai bună. Kò sí wàhálà "good, better, best" níbẹ̀. Mai ń ṣe iṣẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ku àwọn tó jọ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n máa ń mú ọkàn ẹni balẹ̀ jù. Láàárín ọ̀rúndún 19, àwọn ọ̀mọ̀wé Románíà yá ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ lọ́wọ́ Faransé àti Látìn, ibi kan náà tí Gẹ̀ẹ́sì ti yá tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí "curious" fi jọ curios, tí "possible" sì fi jọ posibil. Púpọ̀ nínú wọn kò ní já ọ kulẹ̀. Àwọn díẹ̀ máa já ọ kulẹ̀ níbi tó burú jù. Sensibil kì í ṣe "sensible". Ohun tí kò gba ìfọwọ́kàn ni, piele sensibilă. Nervos lẹ́nu ènìyàn sábà máa ń jẹ́ pé inú ń bí i. Actual ni ti ìsinsìnyí, starea actuală ni bí aláìsàn ṣe wà lónìí. Eventual ni "tó lè ṣẹlẹ̀", nítorí náà eventuale complicații lórí fọ́ọ̀mù tí aláìsàn ń buwọ́ lù kì í ṣe wàhálà tí yóò gbẹ̀yìn dé dandan. Èyí tó lè dé ni. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ka ìyẹn ní ìkà Gẹ̀ẹ́sì fún ẹbí aláìsàn, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìbejì "bored" àti "boring" náà wà níbẹ̀: plictisit ni ẹni tí nǹkan sú, plictisitor ni ẹni tó ń sú àwọn èèyàn. Obosit àti obositor ń rìn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí o máa lò jù lọ níbi iṣẹ́ rẹ, ti ìrora ni. Durere, abo ni, nítorí náà gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e á jẹ́ ti abo. O durere ascuțită ni ìrora tó mú bí abẹ. O durere puternică ni èyí tó le gan-an. Èyí tó ń dunni wọ́ọ́rọ́wọ́ láìmú, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "dull", durere surdă ni wọ́n ń pè é, surdă tí wọ́n ń lò fún obìnrin tí kò gbọ́rọ̀. Má lọ wá "dull" nínú ìwé atúmọ̀ o, yóò fún ọ ní ọ̀bẹ tí kò mú. Tó bá jẹ́ ìrora púpọ̀, dureri ascuțite, dureri puternice, dureri surde. Bi wọ́n ní "Cum e durerea?", kí o dákẹ́, kí o gbọ́ èyí tí wọ́n máa mú, nítorí ọ̀rọ̀ tí aláìsàn fúnra rẹ̀ bá yàn ni dókítà rẹ fẹ́ gbọ́. Bí wọ́n bá sì fèsì pé "așa și așa", kò dára tán, kò burú tán, ìyẹn kò ní akọ, kò ní abo. Kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí o sì tún wọn bi.